Ẹni Tó Jókòó Ti Ọmọ Náà

Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí mi, èèpo rẹ̀ ti ya, rọ́bà ni mo fi dì í pọ̀. Irú èyí tí àwa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń kó sápò ni. Ní ojú ewé kan tí mo kọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí ló wà níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ. Bíríkìlà. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún." Ohun tí mo fojú mi rí ni mo kọ, ṣùgbọ́n mi ò gbé e lọ sínú fáìlì. Ọdún 15 ni ọ̀rọ̀ náà fi sùn sínú àpótí mi, tí ọkùnrin tó ni ọwọ́ náà ń rìn nígboro Òṣogbo, tí èmi àti ẹ̀ ń pàdé lọ́nà Ọjà Ọba, tí à ń kíra wa.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá máa ń wá bi mí bí a ṣe ń tú ẹjọ́ tó ti pẹ́, èyí tí gbogbo ayé ti gbàgbé, tí eruku ti bo fáìlì rẹ̀. Wọ́n rò pé ọgbọ́n kan wà tí mo fi pamọ́. Ẹjọ́ ìyá aláró ni mo máa ń sọ fún wọn, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí wà, àti gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ọdún 1984 ni mo wọṣẹ́. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà nígbà náà, Ìbàdàn sì ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n gbé mi wá sí Òṣogbo. Inú mi dùn, torí Ìrágbìjí nilé bàbá mi, kò jìnnà rárá. Àwọn fáìlì kan bá wa wá láti Ìbàdàn nínú páálí. Mo rántí pé mo jókòó lórí ọ̀kan nínú páálí náà nínú ọkọ̀, mi ò tilẹ̀ bi ara mi pé ọ̀ràn ta ni mo jókòó lé.

Mo ti lọ́kọ nígbà yẹn. Ẹni tí kò ṣe ọlọ́pàá obìnrin rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn ń gbà. Nínú òfin ọlọ́pàá ti 1968 tí à ń tẹ̀ lé nígbà náà, obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lọ́kọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí kọmíṣánnà láti tọrọ àyè. Yóò kọ orúkọ ọkùnrin náà síbẹ̀, ibi tó ń gbé, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọn ò ní fọwọ́ sí i àfi bí ọkùnrin náà bá jẹ́ oníwà rere, tí obìnrin náà sì ti lo ọdún 3 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó fẹ́ ìyàwó. Olùkọ́ lọkọ mi, ọmọ onílé ire. Ó dùn ún gan-an pé wọ́n wádìí òun bí ẹni wádìí olè. Ó gbà nítorí ìfẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ni fáìlì ti wọ inú ilé wa, kò sì jáde mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìyá tí mò ń wí yìí, aláró ni, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀ṣun. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń ki ìlú yìí, kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá náà, àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn máa ń wá rà á. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn ti wà nílé ọkọ. Ọmọ-iṣẹ́ kan ló ń bá a gbé, ọmọ ọdún 11, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú wá kọ́ṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, ní alẹ́ tí wọ́n máa ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún láàfin Àtáọ́ja, ó ní kí ọmọ náà lọ sílé ìyá rẹ̀ kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wòran. Òun nìkan ló kù sílé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n bá a lẹ́bàá ìkòkò aró, wọ́n ti fi nǹkan líle lù ú lórí. Àpótí aṣọ rẹ̀ tú sílẹ̀. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ.

Kọ́púrà ni mí. Ọ̀gá mi ní kí n ya àwòrán inú ilé náà, kí n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin àti ọmọdé. Mo yàwòrán. Mo rí aró tó kán sílẹ̀ láti ìdí ìkòkò títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi àmì sí i. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Ilé aláró nìyí, ibo ni aró ò ní sí?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mi ò bi ara mi bóyá aláró tó mọṣẹ́ máa ń da aró sílẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà tí ojú mi ti là ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tó bá pọ̀ jù nílé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí ohun tó bá pọ̀, ojú kì í rí i mọ́.

Ọmọ-iṣẹ́ náà ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Orí àga igi gígùn kan ló jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Èmi dúró, mo gbé ìwé dání, mo wọ bàtà dúdú. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà níwájú ọlọ́pàá, nítorí náà a ní kí ẹbí rẹ̀ kan jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wá. Ó kí wa dáadáa. Ó wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún, ó ní búlọ́ọ̀kù ló jábọ́ lù ú níbi iṣẹ́. Mo bá a kẹ́dùn. Mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ó máa ń kọ́kọ́ wo ọkùnrin náà kó tó dá mi lóhùn. Mo rò pé ìtìjú ọmọdé ni. Gbogbo ohun tí mo rí kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ó wà nílé ìyá rẹ̀, ó lọ wo àtùpà, kò mọ nǹkan kan. Ó tẹ̀ ka sí i. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ọwọ́ òsì ló sì fi kọ ọ́, ó rí wúruwùru.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi apànìyàn jókòó ti ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ní, tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti gáréèjì, wọ́n bá owó lára wọn tí wọn ò lè ṣàlàyé. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan nínú àhámọ́, ọ̀kan "jẹ́wọ́". Mo ka ìjẹ́wọ́ náà. Ó ní ọ̀sán lòun wọ ilé náà, bẹ́ẹ̀ àwọn aládùúgbò rí ìyá náà láàyè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé kò bára mu. Kọ́púrà ni mí, obìnrin ni mí, mo ti oyún kejì tó bàjẹ́ lára mi bọ̀ lóṣù náà, mo dákẹ́. Mi ò kọ èyí láti fi wá àwíjàre. Oṣù 11 ni wọ́n lò látìmọ́lé kí agbẹjọ́rò ìjọba tó sọ pé kò sí ẹ̀rí tó lè mú wọn dé kóòtù. Wọ́n dá wọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún ṣí fáìlì náà.

Ọdọọdún ni ọmọ ìyá aláró ń wá. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń sún mọ́, yóò dé àgọ́ wa, yóò jókòó, yóò béèrè bóyá a ti gbọ́ nǹkan kan. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó mú ìròyìn kan wá: ó ti rí owó àjọ náà. Nínú ìkòkò ògbólógbòó kan tí kò ní aró nínú mọ́ ló ti bá a, abẹ́ ẹ̀lú gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó pa ìyá náà kò rí kọ́bọ̀ mú lọ. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì dá a padà sínú àpótí fáìlì. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè kú, tí wọ́n yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, obìnrin náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹni tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, ẹ ò rí ẹni tó pa á. Ṣé ìyá aláró lẹ máa wá rí tiẹ̀?" Ó tún wá lọ́dún kejì ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ nìyẹn. Àwa là ń pe ẹjọ́ ní èyí tó ti tutù. Nínú ilé ẹni tó kú, ó gbóná bí ìgbà tó ṣẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ènìyàn ló ń gbé e rìn, bí kò bá sí ẹni tó gbé e, ibi tó wà náà ló máa wà.

Ọdún 2008 ni nǹkan yí padà, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́n sí i. Obìnrin náà dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání. Mo béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà. Ọdún 11. Ó jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn títí, àyà mi já. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 11 ṣe kéré tó. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi fún ọdún 15 bí ẹni pé àgbàlagbà kan ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí àpótí mi, mo wá ìwé pélébé yẹn jáde, mo sì rí ohun tí mo kọ. Ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì mo lọ gbọn eruku orí fáìlì. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tí mo yà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú aró tó kán lọ sẹ́yìnkùlé, àti ìwé ìlà mẹ́ta náà pẹ̀lú ìfọwọ́sí wúruwùru lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí ìyá náà wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti jẹrà pátápátá.

Àwọn ènìyàn á bi mí nípa DNA, ohun tín-ín-tín inú ẹ̀jẹ̀ àti ara ènìyàn. Wọ́n ti kọ́ wa nípa rẹ̀ ní kọ́ọ̀sì kan n'Íkẹjà. Ọdún 1984, ọdún tí mo wọṣẹ́ gan-an, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Alec Jeffreys, ṣàwárí bí a ṣe lè fi í mọ ènìyàn kan yàtọ̀ sí òmíràn, ní Yunifásítì Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ ìpànìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó fún, ti ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pa ní agbègbè ibẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ti jẹ́wọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé kì í ṣe òun. Nígbà tí olùkọ́ sọ èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin gáréèjì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì tẹ orí mọ́lẹ̀. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin àdúgbò náà, síbẹ̀ wọn ò rí apànìyàn, torí ó ti bẹ ẹlòmíràn láti lọ gba orúkọ òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀ yìí ló sọ ọ́ lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń mutí, obìnrin kan gbọ́, ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe mú apànìyàn náà, Colin Pitchfork, nìyẹn lọ́dún 1987. Ẹ̀rọ ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní tiwa, ọdún 2017 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀. Lọ́dún 2008 tí mò ń sọ yìí, ohun tí mo ní kò ju ẹnu ènìyàn lọ.

Ọmọ-iṣẹ́ ìgbà náà ti di ìyá ọlọ́mọ méjì. Ẹdẹ ló ń gbé, ó ń ta ẹ̀gúsí. Mo wọ aṣọ ilé lọ bá a. Bó ṣe rí mi ló mọ̀ mí, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kí i, mo ní mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe wà. Ó ní dáadáa ni. Mo jókòó. Ó ń bó ẹ̀gúsí, mo bá a mú nínú rẹ̀, mo ń bó o. A bó ẹ̀gúsí títí tí oòrùn fi wọ̀, mo dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ. Mi ò mú ìwé dání, mi ò sì béèrè nǹkan kan.

Ẹ má rò pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ti mọ èyí. Ọmọ mi ló kọ́ mi. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ó pẹ́ wọlé lọ́jọ́ kan. Mo mú un jókòó, mo bi í: ibo lo wà, ta lo wà pẹ̀lú ẹ, aago mélòó lẹ kúrò níbẹ̀, ọ̀nà wo lẹ gbà. Mo tún gbogbo rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí a ṣe máa ń ṣe fún afurasí. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní, "Màámi, ẹ mú ìwé yín wá kí n fọwọ́ sí i." Láti ọjọ́ náà kò sọ ohun tó ń ṣe é fún mi mọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, torí ìyẹn máa ń jókòó sí iwájú ilé, á máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀, kò ní bi í ní nǹkan kan, ọmọ á sì wá jókòó tì í fúnra rẹ̀, á máa rojọ́. Èmi á wà nínú ilé, mà á máa gbọ́ ohùn wọn, mi ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo jókòó ti agbọ̀n ẹ̀gúsí yẹn l'Édẹ, ìjókòó ọkọ mi ni mo ń fara wé.

Ní ọjọ́ kẹfà, obìnrin náà kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo pa Ìyá."

Mi ò dáhùn.

Ó ní òun lòun sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá òun pé inú ìkòkò ni Ìyá máa ń tọ́jú owó sí. Eré ọmọdé ni. Ọkùnrin náà bi í bí ẹni ń ṣàwàdà, ó sì sọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì àtùpà, ó jáde lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé ilé ìyá rẹ̀, ó bá ọkùnrin náà lẹ́bàá kànga, ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú bo ọwọ́ rẹ̀, ó ń bó o títí tí ara fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ náà ti di aró láti orí èékánná dé ìgúnpá. Ọkùnrin náà rí i. Ó ní, "Ìwọ lo sọ fún mi. Bí o bá la ẹnu, àwa méjèèjì la pa á." Ọmọ ọdún 11 gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ọkọ, ó gbé e lóyún, ó fi bímọ.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ aró kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà. Omi aró tó bá ti jinná nínú ìkòkò kì í ṣe dúdú, kì í sì í ṣe búlúù. Ó máa ń pọ́n bí ewé tó fẹ́ gbẹ ni. Tí ẹ bá ki aṣọ bọ̀ ọ́, bó ṣe ń jáde ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí á fi di aró. Òkùnkùn ni ọkùnrin náà wà, ìkòkò tí kì í ṣe ti owó ló tọwọ́ bọ̀, ìkòkò tí aró ti jinná nínú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yọ ọwọ́, ó lè rò pé omi lásán ni. Bó ṣe ń sá lọ, tó ń kán sílẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ni ọwọ́ náà ń ṣú mọ́ ọn lára. Aró kì í sì í fi ọjọ́ kan kúrò lára ènìyàn. Ohun tó fi di ọwọ́ wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn.

Mo bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í ta ló fẹ́ kó jókòó ti òun. Ó ronú, ó ní kí n pe ọmọ ìyá aláró. Òun gan-an ni. Mo bẹ̀rù pé bóyá wọ́n á jà. Nígbà tí ìyẹn dé, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fà á mọ́ra, ó ní, "Ìwọ náà, ìyá rẹ ni." Àwọn méjèèjì sunkún, èmi náà sunkún, a sì kọ ọ́ dé òpin.

Ìpànìyàn kì í gbó lójú òfin wa, kò sí iye ọdún tó máa kọjá tí a ò fi ní lè mú ẹni tó ṣe é. A mú ọkùnrin náà. Ó ti di ẹni iyì láàárín àwọn bíríkìlà. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wọn ti 1993, a rí bó ṣe máa ń fọwọ́ sí ìwé, ó rẹwà, ó dúró dáadáa. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú fáìlì. Àwòrán tí mo yà, ìwé pélébé mi, owó tí wọ́n bá nínú ìkòkò kejì, gbogbo rẹ̀ jọ ń sọ ohun kan náà. Obìnrin náà jẹ́rìí nílé ẹjọ́ gíga. Ìyá tó bí i jókòó sí ẹ̀yìn arákùnrin tirẹ̀, ó ń ṣépè fún un lójú gbogbo ayé.

Nígbà tí ẹjọ́ dé àárín, wọ́n gbé adájọ́ lọ síbòmíràn. Bí adájọ́ bá lọ bẹ́ẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tuntun. Obìnrin náà tún jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún ń sún ẹjọ́ síwájú. Ní 2012 àìsàn pa ọkùnrin náà látìmọ́lé, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Kò sí ìdájọ́. Nínú ìwé ìjọba, kò sẹ́ni tó pa ìyá aláró. Inú ń bí mi títí di òní, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún mi pé Ọlọ́run ti dájọ́. Ọmọ ìyá náà fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́, pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gáréèjì náà lọ. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ń lẹ táyà ní Old Garage. Mo sọ fún un ẹni tó ṣe é, mo sì sọ fún un pé mo ka ìjẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo dákẹ́. Ó ń fi ọṣẹ wá ibi tí táyà ti jò. Ó ṣe é tán. Ó ní, "Ìyá mi ni ẹ̀ bá lọ sọ fún. Ó gbàgbọ́ títí tó fi kú pé mo ṣe é." Mo dúró títí oníbàárà mìíràn fi dé. Kò lé mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún 2019 ni mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ̀yìn tì. Obìnrin ẹlẹ́gùúsí àti ọmọ ìyá aláró jọ ń ṣe aró báyìí, ní ilé yẹn gan-an. Wọ́n tún ìkòkò gbé kalẹ̀. Mo máa ń lọ kí wọn.

Kánádà ni ọmọ mi wà. Ó wálé ní Kérésì ọdún 2022. Ẹ̀ẹ̀kan, lọ́wọ́ alẹ́, bàbá rẹ̀ ti sùn, mo jókòó síwájú ilé, mo gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ẹdẹ sílẹ̀, mò ń bó o. Ó jáde wá, ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, ọjọ́ tí mo pẹ́ wọlé yẹn..."

Ọkàn mi lọ síbi gbogbo ìbéèrè tí mo mọ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Mo mú ẹ̀gúsí mìíràn, mo ń bó o lọ.